Ìpolówó Ayọjúràn àti Ààbò Kọ̀ǹpútà Inú Ilé

Ọ̀pọ̀ ìdílé nínú ìjọ ni ó ti ní kọ̀ǹpútà nílé báyìí. Òun ni àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, òun ni ìyá fi ń ṣe ìṣirò ọjà rẹ̀, òun sì ni òjíṣẹ́ Ọlọ́run fi ń tẹ ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi. Inú rẹ̀ ni fọ́tò ìgbéyàwó wà, inú rẹ̀ ni ìwé báńkì wà, inú rẹ̀ náà sì ni àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ máa ń wà nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ènìyàn ṣí ojú ewé kan láti ka ìròyìn, kí fèrèsé mìíràn sì já lu ojú ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ọ̀kan yóò máa sọ pé ẹ ti jẹ fóònù tuntun, òmíràn yóò máa fi àwòrán tí kò yẹ ọmọlúwàbí hàn, ẹ̀kẹta yóò sì máa kígbe pé kòkòrò àrùn ti wọ kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ tètè pe nọ́ńbà kan.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ ní pop-up. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó máa pè é ní ìpolówó ayọjúràn, nítorí ó ń yọjú sí ọ̀ràn tí a kò pè é sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ìyọlẹ́nu lásán, ṣùgbọ́n ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fọ́ ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ìdílé. Ńṣe ni ó máa ń dẹ́rù ba onílé, tàbí kí ó fi ẹ̀bùn tàn án, títí onílé fúnra rẹ̀ yóò fi ṣílẹ̀kùn. Nítorí náà, apá méjì ni iṣẹ́ ààbò ní: kí a dí ihò ara ògiri, kí a sì kọ́ gbogbo ará ilé láti má ṣe ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ń pariwo lóde.

Níbo Ni Ìpolówó Ayọjúràn Ti Wá?

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, ọ̀gbẹ́ni Ethan Zuckerman, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Tripod, tí ó ń fún àwọn ènìyàn láyè láti gbé ojú ewé tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó ìpolówó ni ilé iṣẹ́ náà gbójú lé. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wá bínú nígbà tí ó rí ìpolówó rẹ̀ lórí ojú ewé tí ó kún fún ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Kí ó má bàa dà bí ẹni pé olùpolówó fọwọ́ sí ohun tí ó wà lójú ewé, Zuckerman kọ ìlànà tí ó mú kí ìpolówó dá wà nínú fèrèsé tirẹ̀. Ní ọdún 2014, ó kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn The Atlantic, níbi tí ó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn fún ipa tí òun kó nínú ọ̀ràn náà.

Ohun tí a fi yanjú ìṣòro ilé iṣẹ́ kan ni ó di ìṣòro gbogbo ayé. Nígbà tí ọdún 2000 fi wọlé, ìkànnì kan ṣoṣo lè ṣí fèrèsé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé ara wọn. Àwọn tí ń ṣe bíráwúsà, ìyẹn ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, dìde sí i. Firefox, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ń dí fèrèsé wọ̀nyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Microsoft fi ìdènà sínú Internet Explorer nípasẹ̀ àtúnṣe tí ó pè ní Service Pack 2 fún Windows XP. Internet Explorer náà ti di ìtàn báyìí: ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni Microsoft fẹ̀yìn rẹ̀ tì. Lónìí, Chrome, Edge, Firefox àti Safari ni ó ní ìdènà nínú, ìdènà náà sì máa ń wà ní títì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí Ìdènà Bá Wà, Kí Ló Dé Tí A Ṣì Ń Rí Wọn?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìpolówó ayọjúràn òde òní kì í gba ẹnu ọ̀nà àtijọ́ mọ́. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ó ń gbà wọlé. Ó yẹ kí ẹ mọ èyí tí ó ń yọ yín lẹ́nu kí ẹ tó wá oògùn rẹ̀, nítorí oògùn ọ̀kan kò wo èkejì.

Ọ̀nà kìíní ni bọ́tìnì tí a fi ọwọ́ ara wa tẹ̀. Bíráwúsà máa ń dí fèrèsé tí ó bá ṣí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń gbà fún èyí tí ó bá ṣí nígbà tí ẹni tí ń lò ó tẹ nǹkan. Ìdí nìyí tí àwọn ìkànnì kan, pàápàá àwọn tí ń pín fíìmù àti orin lọ́fẹ̀ẹ́ láìgba àṣẹ, fi ń fi ìpolówó pamọ́ sẹ́yìn bọ́tìnì. Ẹ tẹ bọ́tìnì láti wo fíìmù, ìpolówó ni ó ṣí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ya àmì X èké sínú àwòrán ìpolówó. Ẹni tí ó bá tẹ X náà pé òun fẹ́ pa á, ìpolówó gan-an ni ó tẹ̀. Àmì tí ẹ ó fi mọ irú èyí ni pé orí ìkànnì kan tàbí méjì péré ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ó tán.

Ọ̀nà kejì ni ìfitónilétí. Ìkànnì kan lè béèrè pé kí ẹ gba òun láyè láti máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ojú ẹ̀rọ yín. Ilé ìròyìn gidi lè lo àǹfààní yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́tàn máa ń sọ pé kí ẹ tẹ bọ́tìnì Allow láti fi hàn pé ènìyàn ni yín, ẹ kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà lọ, ìpolówó yóò máa yọ ní igun ojú ẹ̀rọ, ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún bí ó bá jẹ́ Windows ni, àní nígbà tí ẹ kò bá sí lórí ìkànnì náà rárá. Ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 2020, Firefox àti Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dínkù lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ó léwu jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ètò apolówó tí ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ó sábà máa ń bá ètò ọ̀fẹ́ kan rìn wọlé. Ẹ fẹ́ ètò tí ń ṣí fáìlì, ẹ kò ka ohun tí wọ́n kọ, ẹ ń tẹ Next lé Next, ètò mẹ́ta mìíràn sì ti bá a wọlé. Àmì rẹ̀ ni pé ìpolówó yóò máa yọ lórí gbogbo ìkànnì, títí kan àwọn tí a mọ̀ sí ẹni iyì. Ojú ewé tí bíráwúsà yín fi ń bẹ̀rẹ̀ yóò yí padà, ohun tí ẹ bá ń wá yóò máa gbé yín lọ sí ibòmíràn, ẹ̀rọ náà yóò sì máa falẹ̀.

Bí A Ṣe Lè Dá Wọn Dúró

Ní ti ọ̀nà kìíní, òfin àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má ṣe tẹ ohunkóhun nínú fèrèsé tí ẹ kò pè, ì báà jẹ́ bọ́tìnì tí ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí èyí tí ó sọ pé rárá. Ẹ fi kíbọọ̀dù pa á: Ctrl àti W pa pọ̀ yóò pa ojú ewé tí ó wà níwájú yín, Alt àti F4 pa pọ̀ yóò sì pa odindi fèrèsé lórí Windows. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bóyá ìdènà bíráwúsà yín ṣì wà ní títì. Nínú Chrome, ẹ tẹ àmì aláàámì mẹ́ta tí ó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ sì wá ibi tí a kọ Pop-ups and redirects sí. Nínú Firefox, ẹ wá Block pop-up windows nínú Settings. Bí ẹ kò bá tètè rí i, àpótí ìwákiri wà nínú Settings fúnra rẹ̀. Ẹ kọ pop-up sínú rẹ̀, yóò sì fi ọ̀nà hàn yín. Àwọn ìkànnì báńkì tàbí ilé ẹ̀kọ́ kan ń lo fèrèsé bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ gidi. Ìkànnì yẹn nìkan ni kí ẹ fún láyè, ẹ má ṣe torí rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé.

Ní ti ọ̀nà kejì, ẹ wá Notifications nínú Settings kan náà. Ẹ ó rí orúkọ gbogbo ìkànnì tí ẹ ti gbà láyè. Ẹ yọ gbogbo èyí tí ẹ kò mọ̀ kúrò. Ẹ tún lè yàn pé kí ìkànnì kankan má ṣe béèrè mọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n rò pé kòkòrò àrùn ni ó ń bá wọn jà.

Ní ti ọ̀nà kẹta, ẹ ní láti wá àlejò náà kàn kí ẹ sì lé e jáde. Lórí Windows 11, ẹ lọ sí Settings, Apps, kí ẹ sì ṣí Installed apps. Ẹ tò ó ní ìbámu pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọlé, kí ẹ sì wo èyí tí ó wọlé ní àkókò tí ìyọlẹ́nu náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ ọ́. Ẹ lọ sínú bíráwúsà, kí ẹ sì yọ gbogbo àfikún, tí wọ́n ń pè ní extension, tí ẹ kò mọ ẹni tí ó fi í síbẹ̀. Chrome ní Reset settings, Firefox sì ní Refresh Firefox, èyí tí ń dá ètò wọn padà sí bí ó ti rí ní ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí Windows Security, kí ẹ sì jẹ́ kí ó yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà wò. Láti ìgbà Windows 8, tí ó jáde ní ọdún 2012, ni Microsoft ti ń fi ètò agbógunti-kòkòrò tirẹ̀ sínú Windows lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú Scan options, èyí tí a pè ní Microsoft Defender Antivirus offline scan máa ń tún ẹ̀rọ tàn, ó sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí Windows tó jí, nígbà tí ètò búburú kò ní àyè láti fara pamọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé kò nílò ju èyí lọ.

Ètò adí-ìpolówó náà wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, FBI ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn ọ̀daràn ń ra àyè ìpolówó nínú èsì ìwákiri, wọ́n sì ń fi orúkọ ilé iṣẹ́ gidi bojú. FBI sì gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn láti lo irú ètò bẹ́ẹ̀. Èyí tí a mọ̀ jùlọ ni uBlock Origin, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú Firefox. Chrome ti dẹ́kun gbígba ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀, àmọ́ uBlock Origin Lite wà fún un. Inú ilé ìtajà bíráwúsà náà gan-an ni kí ẹ ti gbà á, nítorí ayédèrú rẹ̀ pọ̀.

Ìkìlọ̀ Èké Tí Ń Jẹ Owó Àwọn Àgbàlagbà

Nínú gbogbo ìpolówó ayọjúràn, èyí tí ó burú jùlọ ni èyí tí ń sọ pé kọ̀ǹpútà yín ti kó àrùn. Yóò gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, yóò máa dún bí agogo iná, yóò fi àmì Microsoft tàbí ti Apple hàn, yóò sì sọ pé kí ẹ pe nọ́ńbà kan lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá pè é yóò bá ẹni oníwà pẹ̀lẹ́ pàdé, tí yóò ní kí ó gba ètò kan tí òun yóò fi máa darí kọ̀ǹpútà náà láti òkèèrè. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun búburú fúnra rẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gidi ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bọ́ sọ́wọ́ olè, ó ti jókòó sórí àga onílé. Yóò ní kí onílé ṣí ojú ewé báńkì rẹ̀, tàbí kí ó san owó iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni owó ìfẹ̀yìntì ọ̀pọ̀ ọdún ti lè lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi òtítọ́ mẹ́ta sọ́kàn. Èkíní, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lásán kò lè yẹ inú kọ̀ǹpútà yín wò fún kòkòrò àrùn. Nítorí náà, ojú ewé tí ó bá sọ pé òun ti ka kòkòrò márùn-ún níbẹ̀, irọ́ ni ó pa. Èkejì, Microsoft ti sọ ọ́ gbangba pé ìkìlọ̀ òun kì í ní nọ́ńbà tẹlifóònù nínú. Bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà, ẹ ti rí olè. Ẹ̀kẹta, ìpolówó tí ó bá ní kí ẹ ṣe àtúnṣe Flash Player ń parọ́, nítorí Adobe ti dáwọ́ Flash dúró láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020.

Bí irú rẹ̀ bá gba ojú ẹ̀rọ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí àyà yín já. Ẹ tẹ Esc, kí ẹ dì í mú díẹ̀, kí ó lè fi ojú ẹ̀rọ sílẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, kí ẹ yan bíráwúsà náà, kí ẹ sì tẹ End task. Lórí kọ̀ǹpútà Apple, ó jẹ́ Command, Option àti Esc. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tí ẹ bá tún tàn án, tí bíráwúsà sì béèrè bóyá kí òun dá àwọn ojú ewé àná padà, ẹ sọ pé rárá.

Ẹ̀tàn mìíràn tún tàn kálẹ̀ láti ọdún 2024. Ojú ewé kan yóò ní kí ẹ fi hàn pé ènìyàn ni yín: kí ẹ tẹ àmì Windows àti R pa pọ̀, lẹ́yìn náà Ctrl àti V, lẹ́yìn náà Enter. Ohun tí ẹ ṣe nìyẹn ni pé ẹ ṣí àpótí àṣẹ kọ̀ǹpútà, ẹ lẹ àṣẹ tí olè ti fi pamọ́ mọ́ inú rẹ̀, ẹ sì ní kí kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ. Kò sí ìkànnì gidi kan tí yóò ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti fi hàn pé ènìyàn ni yín.

Àtúnṣe Tí A Kọ̀ Láti Ṣe

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde láti dí ihò kan nínú Windows. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kọbi ara sí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ètò búburú tí a ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn wọlé. Ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì béèrè 300 dọ́là owó Amẹ́ríkà, tí a ó fi Bitcoin san, kí ó tó ṣí wọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti kan kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ní England, ó ba iṣẹ́ jẹ́ ní ó kéré tán 80 nínú àwọn àjọ 236 tí ń darí ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n sì fojú bù ú pé ó lé ní 19,000 aláìsàn tí ìpàdé wọn pẹ̀lú dókítà yẹ̀. Oṣù méjì ni oògùn ti wà nílé kí àrùn tó dé.

Nítorí náà, nígbà tí Windows bá ní òun fẹ́ ṣe àtúnṣe, ẹ gbà fún un. Inú Settings, lábẹ́ Windows Update, ni ẹ ó ti rí àtúnṣe gidi, kì í ṣe nínú fèrèsé tí ó yọjú lórí ìkànnì. Ẹ tún ní láti mọ ọjọ́ orí Windows yín. Ìtìlẹ́yìn fún Windows 7 parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020, ti Windows 10 sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, yàtọ̀ sí àfikún àkókò tí Microsoft kéde fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò lè gba Windows 11 kì í ṣe ohun àgbésọnù. Linux Mint àti Ubuntu jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì tó fún lẹ́tà kíkọ, íntánẹ́ẹ̀tì àti ìwàásù títẹ̀.

Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀

Ní ilẹ̀ wa, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń rà, ì báà jẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní ìlú mìíràn. Kò sí àléébù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ẹni tí ó lò ó ṣáájú, ẹ kò sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó fi orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà yín sínú rẹ̀, ẹ lọ sí Settings, System, Recovery, kí ẹ sì lo Reset this PC, kí ẹ yàn pé kí ó pa gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ètò tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀, tí a ń tà ní owó táṣẹ́rẹ́ tàbí tí a ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Yàtọ̀ sí pé ohun olóhun ni, ẹni tí ó já a sábà máa ń ní kí ẹ kọ́kọ́ pa ètò agbógunti-kòkòrò yín kí ẹ tó fi í sínú ẹ̀rọ. Ẹ bi ara yín léèrè: àlejò wo ni ó ń ní kí a so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé? LibreOffice jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì bá òfin mu.

Ọ̀rọ̀ Aṣínà àti Ẹ̀dà Ìpamọ́

Ọ̀rọ̀ aṣínà, tí a ń pè ní pásíwọ́ọ̀dù, ni kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹni tí ó bá ń lo ọ̀kan ṣoṣo fún ímeèlì, báńkì àti Facebook ti mú kí olè tí ó bá rí i níbì kan rí i níbi gbogbo. Gígùn rẹ̀ ṣe pàtàkì ju àmì inú rẹ̀ lọ. Àjọ ìjọba Britain tí ń rí sí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì dámọ̀ràn ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan, tí a so pọ̀. Ẹ má ṣe lo orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí tàbí orúkọ ìjọ. Ètò apásíwọ́ọ̀dùmọ́ lè bá yín rántí wọn. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ ìyẹn lè kọ wọ́n sínú ìwé kékeré tí ó ń tì mọ́ inú àpótí nílé, nítorí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè wọ inú àpótí yẹn.

Ímeèlì ni kí ẹ dáàbò bò jùlọ, nítorí ẹni tí ó bá gbà á lè fi í yí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà yòókù padà. Ẹ fi ìgbésẹ̀ kejì kún un, kí ó jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà, nọ́ńbà kan yóò tún wá sórí fóònù yín. Nọ́ńbà yẹn kò ṣeé sọ fún ẹnikẹ́ni, ì báà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì.

Níkẹyìn, ohun tí ẹ kò bá fẹ́ pàdánù, ẹ má ṣe fi í síbì kan ṣoṣo. Àṣà àwọn onímọ̀ ni ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn má sì sí nínú ilé. Háàdì dísìkì tí ẹ fi ṣe ẹ̀dà, ẹ yọ ọ́ lára kọ̀ǹpútà lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí ètò bíi WannaCry lè ti ohun gbogbo tí ó bá so mọ́ ọn pa.

Àwọn Ará Ilé àti Ìwé Ìjọ

Ẹ fún àwọn ọmọ ní àyè tiwọn lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí a ń pè ní Standard user, kí ètò tuntun tí ó bá fẹ́ yí nǹkan padà nínú ẹ̀rọ máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà òbí. Àgbàlagbà pàápàá yóò ṣe dáadáa bí ó bá ń fi irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ bá àwọn òbí yín tí ó ti dàgbà sọ̀rọ̀ ṣáájú kí ìkìlọ̀ èké tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ lẹ ìwé kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà wọn, kí ẹ kọ nọ́ńbà ọmọ tàbí ọmọ ọmọ tí wọn yóò pè kí wọ́n tó pe ẹlòmíràn. Ẹ má sì ṣe bá wọn wí bí wọ́n bá ti ṣèèṣì tẹ nǹkan. Ìtìjú ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dákẹ́ títí owó yóò fi tán.

Fún àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run, akọ̀wé àti akápò, ọ̀ràn náà ju ti ara ẹni lọ. Bí orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ìjọ bá wà nínú kọ̀ǹpútà ilé yín, ohun tí a fi sí ìkáwọ́ yín ni. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ọdún 2023 fi ìtọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ojúṣe ẹgbẹ́ tí ó kó o jọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ fi ń wá eré àṣedárayá jẹ́ òun kan náà tí ẹ fi ń san owó ìjọ.

Bí Wọ́n Bá Ti Rí Yín Mú Ńkọ́?

Bí ẹnì kan bá ti wọ kọ̀ǹpútà yín, ẹ kọ́kọ́ já íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀. Ẹ fi fóònù pe báńkì yín, kí ẹ sì lo nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì ATM, kì í ṣe èyí tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ. Ní Britain, nọ́ńbà 159 máa ń so ènìyàn pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn báńkì. Ẹ̀rọ mìíràn tí kò ní àrùn ni kí ẹ fi yí àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà yín padà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ímeèlì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ ètò tí wọ́n ní kí ẹ gbà, kí ẹ sì yẹ kọ̀ǹpútà wò bí a ti sọ lókè.

Ẹ fi ẹjọ́ sùn pẹ̀lú. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí a tún ṣe ní 2024, fi ìyà sí ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ àti títan kòkòrò kọ̀ǹpútà ká, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá sì ní ẹ̀ka tí ó ń bójú tó o ní Àbújá. Ní Amẹ́ríkà, FBI ní ibi ìfisùn tirẹ̀. Ẹ ṣọ́ra lẹ́yìn náà fún ẹni tí yóò pè yín pé òun lè bá yín gba owó náà padà bí ẹ bá san nǹkan díẹ̀. Ẹ̀tàn kejì nìyẹn, àwọn tí ó ti bọ́ sínú ti àkọ́kọ́ ni ó sì máa ń wá.

Kò sí ohun kan nínú gbogbo èyí tí ó gba owó púpọ̀ tàbí ìmọ̀ jíjinlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó láti yẹ ìfitónilétí wò, láti yọ ètò tí a kò mọ̀, láti gba àtúnṣe tuntun àti láti ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Ìyókù jẹ́ ọ̀ràn sùúrù. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fèrèsé tí ó bá ń sọ pé kí ẹ ṣe é lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má ṣe pa á, kí ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni, òun gan-an ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ pa, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ará ilé.